Ẹni Tó Dákẹ́

Ọmọ ọdún 4 ni àbúrò wa nígbà tí àwọn dókítà sọ pé jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe é. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ ń dùn ún. A rò pé bọ́ọ̀lù tó ń gbá ló fà á, a ń fi Àbóníkí ra á lẹ́sẹ̀ lálaalẹ́. Àṣé inú eegun ni ìrora náà ti ń wá.

Nígbà tí wọ́n ní ká gbé e wálé fúngbà díẹ̀, wọ́n fún wa ní ìgò mọ́fíìnì olómi kan, àti síríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́ tí a ó máa fi rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Wákàtí 4-4 ni wọ́n ní ká máa fún un, ì báà sunkún, ì báà má sunkún.

Màámi gba ìgò náà, ṣùgbọ́n ọkàn wọn ò gbà á. "Ṣé kì í ṣe irú oògùn táwọn ọmọ ìta fi ń yó nìyí?" Wọ́n gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n ní ó di ìgbà tó bá ké.

Kò ké. Ọjọ́ 3 gbáko ló fi kọjú sí ògiri, tí kò yí padà. Inú wa ń dùn. À ń sọ fáwọn aládùúgbò pé ara ti ń tù ú.

Nígbà tá a padà sọ́sibítù, ìbéèrè kan ṣoṣo ni nọ́ọ̀sì bi wá: "Ìgbà wo ló ṣeré kẹ́yìn?" A ń wojú ara wa. Wọ́n ní ọmọdé tí ìrora bá ti pẹ́ lára ẹ̀ lè má sunkún mọ́. Á kàn dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ ni, torí tó bá mira, á tún dùn ún sí i. Ẹni tó dákẹ́, tara ẹ̀ a bá a dákẹ́. A ò mọ̀ pé òwe yẹn kan ọmọ ọdún 4.

Wọn ò bá Màámi wí. Wọ́n ní ẹni tó ń wá oògùn torí kó lè yó yàtọ̀ sí ọmọ tí wọ́n wọn oògùn fún torí ìrora. Wọ́n ní téèyàn bá dúró dìgbà tí ìrora bá dìde tán, ó máa ń ṣòro láti dá a jókòó. Oorun lè kùn ún lọ́jọ́ mélòó kan, ìgbẹ́ á sì máa le, torí náà wọ́n fi oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ kún un. Wọ́n ní a ò gbọ́dọ̀ fi kún ìwọ̀n rẹ̀ fúnra wa. Tá a bá jí i tí kò jí, tàbí tó ń mí díẹ̀díẹ̀, ká gbé e wá kíákíá.

Wọ́n tún fún wa ní ìwé tí wọ́n ya ojú 6 sí, látorí èyí tó ń rẹ́rìn-ín dé èyí tó ń sunkún. Wọ́n ní kí àbúrò wa mú èyí tó jọ ọ́. Ó fọwọ́ lé ìkarùn-ún. Màámi bọ́ síta.

Látọjọ́ náà la ti pín òru láàárín ara wa. Aago fóònù á dún ní aago 10, á tún dún ní aago 2. Lọ́jọ́ kẹta, àbúrò wa ju sílípáàsì lù wá torí pé a pa kàtúùnù ẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a wí.

Ìtọ́jú ò tíì parí, a ò sì mọ ibi tó máa já sí. Ìgò náà ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tọ́wọ́ ọmọdé ò ti lè tó o. Ṣùgbọ́n kí aago tó dún, Màámi á ti na ọwọ́ sí i. Tí ọmọ kan bá wà nílé yín tára ẹ̀ ò yá, tó wá dákẹ́ jù, ẹ má tètè yọ̀ bíi tiwa.