Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ìwé Ìwọ̀n

Ìwé náà gùn, páálí ẹ̀yìn rẹ̀ le, etí rẹ̀ ti rún, ṣọ́ọ̀kì aránṣọ sì ti fi àmì ìka sí i lára káàkiri. Bí ẹ bá ṣí i láti iwájú, ìwọ̀n àwọn oníbàárà ni ẹ máa bá níbẹ̀: èjìká 15, àyà 40, gígùn apá 18. Orúkọ gidi kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Ìyá Oníyọ̀, Ìyàwó Lèmọ́mù, Àǹtí Báǹkì, Ìyá Ìbejì Kejì (nítorí pé Ìyá Ìbejì àkọ́kọ́ ti wà lójú ewé ìṣáájú). Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dà á délẹ̀, tí ẹ wá ṣí i láti ẹ̀yìn, ohun mìíràn lẹ máa kà. Ibẹ̀ ni Ìyá Aránṣọ ń kọ ibi tó ti rí Ọlọ́run sí.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, láàárín àwọn aláàdìrẹ. Láti àárọ̀ ni òórùn aró àti ti àbẹ́là tí wọ́n ń yọ́ lórí iná ti ń gba ojú fèrèsé wọlé. Butterfly dúdú ni ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀; ọnà aláwọ̀ wúrà tó wà lára rẹ̀ ti pa rẹ́ níbi tó máa ń gbé ọwọ́ òsì lé. Ohun tí mo fẹ́ràn jù láti máa wò ni bó ṣe ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Kò ní gbé e fún ọmọ iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú tiwọn ríran ju tirẹ̀ lọ. Á fi itọ́ pa orí òwú lára, á fi ìka méjì lọ́ ọ títí yóò fi mú ṣóṣó, á di ojú kan, á sé èémí. Ó lè tàsé, kó tún tàsé. Bó bá wọlé, á rọra wí pé, "O ṣeun."

Ọmọ iṣẹ́ tuntun kan gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan, ó dáhùn pé, "Kò tọ́pẹ́, mà." Àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ìyá Aránṣọ náà rẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe ìwọ ni mò ń bá wí," ló sọ, "ṣùgbọ́n ìwọ náà ṣeun."

Ìwé mẹ́fà ló kà. Lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ó dúró ṣánṣán, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó fún mi láyè láti kà á, ó sì gbà kí n kọ díẹ̀ sílẹ̀:

"Ọjọ́bọ̀. Òjò ká mi mọ́ ṣọ́ọ̀bù. Mo parí bùbá tí mo ti ń sá fún."

"Ọjọ́ Ajé. Òwú já, ó tún já. Mo fẹ́ ṣépè. Mo gbójú sókè, mo rí àdìrẹ tí wọ́n sá, atẹ́gùn ń gbé e. N kò ṣépè mọ́."

"Ọjọ́ Ẹtì. Mo pe Olúwa, n kò gbọ́ nǹkan kan. Jẹnẹrétọ̀ ìsàlẹ̀ ń pariwo."

Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í kọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni n kò tíì rí ẹni tó bọ́ síwájú ìjọ láti jẹ́rìí pé òwú òun já, òun kò sì ṣépè. Ẹni tí físà rẹ̀ jáde là ń pè síwájú, àti ẹni tí mọ́tò yí gbiri mọ́ tí kò fara pa. N kò bu ẹnu àtẹ́ lu ẹ̀rí o. Mo ti pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta mí. Àmọ́ a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ Ọlọ́run di àlejò ọdún, tí a kì í fọ ilé dè àfi ọjọ́ ńlá. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ìyá Aránṣọ ra dáyárì fún un, irú èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ọdún bá fẹ́ parí, tí ìlérí ìṣẹ́gun wà lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Ife tíì ló ń gbé lé e. Ó ní wọ́n ti kọ ohun tí Ọlọ́run máa ṣe sí i tán kó tó dé ọwọ́ òun.

Irú ìwé báyìí ti pẹ́ l'Abẹ́òkúta ju ṣọ́ọ̀bù yìí lọ. Nígbà kan rí, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì C.M.S. máa ń ní kí àwọn òṣìṣẹ́ wọn kọ ohun tí ojú wọn ń rí sílẹ̀, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Yunifásítì ìlú Birmingham ló ń tọ́jú àwọn ìwé náà báyìí. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1846, Àjàyí Crowther, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọn, kọ tirẹ̀. Ó kọ́kọ́ mẹ́nu ba ẹsẹ Bíbélì tí kàlẹ́ńdà yàn fún ọjọ́ náà, lórí Ọlọ́run tó ń ran aláìníbaba lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ pé ìyá òun dé. Láti 1821 tí ogun ti kó Àjàyí ní Òṣogùn, wọn kò tíì fojú kanra. Ó kọ ọ́ pé ara ìyá náà ń gbọ̀n, pé àwọn dira àwọn mú láìsọ̀rọ̀, pé omijé ń ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ti rù, pé ó ń fi orúkọ tí ìyá àgbà máa ń pe òun ní kékeré pe òun. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó rù yẹn ni kò kúrò lójú mi. Hánà ni wọ́n sọ ìyá náà nígbà tó ṣèrìbọmi ní 1848.

Mo sọ ìtàn yìí fún Ìyá Aránṣọ. Ó dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ.

"Ṣé ó kọ irú aṣọ tí ìyá náà wọ̀?"

"N kò rántí pé ó kọ ọ́, mà."

"Ọkùnrin," ló wí, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Àwọn ojú ewé kan wà tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju ọjọ́ lọ. Ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́rú. Ó kọ wọ́n tẹ̀lé ara wọn títí dé ìsàlẹ̀, ó fi àyè sílẹ̀ sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí bàbá àwọn ọmọ rẹ̀ kú ni. "Mò ń ṣí i lójoojúmọ́," ni ohun tó sọ fún mi. "Ọwọ́ ni kò kọ." N kò bi í sí i.

Ní báyìí, ìwé ti kún. Ìwọ̀n ń bọ̀ láti iwájú, èkejì ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, wọ́n ti pàdé láàárín, kò sì sí ohun tó yà wọ́n mọ́. Ìyàwó Lèmọ́mù wá ran aṣọ Iléyá. Lójú ewé ìṣáájú, nígbà tí àìsàn dá a gúnlẹ̀, àyà 36 ni Ìyá Aránṣọ kọ fún un. Lọ́tẹ̀ yìí ó na téèpù yí i ká, ó wò ó, ó tún un nà, ó wá kọ ọ́ pé: "Èjìká 15, àyà 41. O ṣeun, Olúwa, ó ti sanra." Ó fi báírò sétí, ó rán ọmọ iṣẹ́ lọ sọ́jà kó lọ ra ìwé mìíràn wá. Ọmọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé títì tán tó ṣì ń ké tẹ̀lé e pé, "Èyí tó nílà o! Má ra èyí tó ń dán, báírò kì í mú un!"