Gíláàsì Ọkọ̀ Bàbá Ní Vittin

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sórí ìkómọjáde nìkan. Ọkùnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan rí i bẹ́ẹ̀ nígbà tó gbé gíláàsì ọkọ̀ méjì láti ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó lọ sí Vittin, ní Tamale, lórílẹ̀-èdè Gánà.

Volkswagen ìjàpá ọdún 1963 tó jẹ́ ti bàbá rẹ̀ ló fẹ́ tún ṣe. Apá ọ̀tún ni ìdarí ọkọ̀ náà wà, nítorí apá òsì ọ̀nà ni wọ́n ń gbà wakọ̀ ní Gánà títí di ọjọ́ 4, oṣù kẹjọ, ọdún 1974. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó kúrò nílùú. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń ṣòwò ní Tamale palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Bàbá náà kó aya àtọmọ sínú lọ́rí, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ará Dagomba lọ́wọ́. Ó ní òun ń padà bọ̀. Kò padà títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ọ̀rẹ́ náà kò ta ọkọ̀. Nígbà tí òun náà kú, àkọ́bí rẹ̀ kò tà á. Abẹ́ igi dóńgóyárò ló wà, tí oòrùn àti ọyẹ́ fi sán rọ́bà fèrèsé ẹ̀yìn. Gíláàsì fọ́ lọ́tùn-ún lósì, òjò sì ń wọlé.

Nígbà tí mẹ́káníìkì gbé gíláàsì Ládípọ̀ sójú fèrèsé, ó tóbi jù. Ó ṣàlàyé pé láti oṣù kẹjọ ọdún 1964 ni àwọn ará Jámánì ti fẹ fèrèsé ìjàpá lójú. Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìgbà náà kò lè wọ ti ìṣáájú. Ọkùnrin náà ní kí ó gé e. Ìyẹn mi orí: iná ni wọ́n fi mú irú gíláàsì yìí le, bí abẹ bá kàn án, wẹ́wẹ́ ni yóò fọ́.

"Ẹ jẹ́ ká fi pátákó dí i," ni ọkùnrin náà wí.

"Rárá o, àbúrò mi," ni àkọ́bí ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ dáhùn lédè Haúsá tí àwọn méjèèjì gbọ́. "Bàbá mi kò tọ́jú rẹ̀ títí kí a wá fi pátákó dí i."

Wọ́n fi bébà wọn ojú fèrèsé, wọ́n sì gbé ìwọ̀n náà lọ sí Suame Magazine ní Kumasi, níbi tí wọ́n ti rí òkú ìjàpá tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Mẹ́káníìkì kọ́kọ́ ha ibi tí irin ti dógùn-ún. Ó fi rọ́bà tuntun yí gíláàsì po, ó tẹ́ okùn sínú ihò rọ́bà náà, ó sì fi omi ọṣẹ pa á. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ẹ̀gbọ́n dúró níta, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ti gíláàsì; àbúrò jókòó sínú ọkọ̀, ó ń fa okùn díẹ̀díẹ̀, etí rọ́bà sì ń gun orí irin títí gbogbo rẹ̀ fi jókòó.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n na kọ́kọ́rọ́ sí i. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kí ó tó gbà á. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìjọba fún bàbá rẹ̀. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí ọ̀rẹ́ fi ṣọ́ ọkọ̀ dè é.