Ẹ Wọn Apá Rọ́bọ́ọ̀tì Kí Ẹ Tó Sanwó Servo

Ọ̀wọ́n là ń ra ògo, ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn. Mọ́tò tí à ń wí yìí kì í ṣe ọkọ̀ o! Servo ni, ẹ̀rọ kékeré tó ń yí apá rọ́bọ́ọ̀tì síbi tí wọ́n bá ní kó yí i sí, tí yóò sì dì í mú síbẹ̀.

Ọmọṣẹ́ rewáyà kan gba owó àjọ ìyá rẹ̀, ó fi ra SG90 mẹ́rin, torí owó rẹ̀ ò gara. Kílò 1.8 ni wọ́n pè é. Ó so ó mọ́ apá tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10, ó ní kó gbé agolo mílíìkì. Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, eyín ike inú rẹ̀ ká dànù!

"Ìwọ ọmọ yìí," ni ìyá wí, "bí mo bá na ọwọ́ gbọọrọ gbé garawa omi, ṣé kì í wúwo ju ìgbà tí mo gbé e mọ́ra ni?"

Òótọ́ lìyá sọ. Kílò 1.8 yẹn, ní sẹ̀ǹtímítà kan péré ni. Ní sẹ̀ǹtímítà 10, gíráàmù 180 ló kù. Bí ẹrù bá jẹ́ ìdajì kílò níbẹ̀, bíi kílò 5 ni lójú servo. Kí ẹ ra èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, torí apá fúnra rẹ̀ náà wúwo. MG996R ń gbé 9.4 lórí iná fólítì 4.8, irin sì ni eyín rẹ̀. Ṣùgbọ́n ayédèrú wà. Ẹ ní kí ọlọ́jà tú ìdérí rẹ̀ lójú yín.

Ẹ̀yin ìyá, bọ́mọ bá tọrọ owó servo, ẹ kọ́kọ́ bi í: ẹrù náà wúwo tó kílò mélòó, báwo lapá ṣe gùn tó?