Ta Ni Ákítọ̀?

Bí ẹnìkan bá dárúkọ Terminator, tó jẹ́ pé ẹ̀rọ géèmù ló kọ́kọ́ sọ sí yín lọ́kàn dípò fíìmù, ẹgbẹ́ kan náà ni wá. Àwa la máa ń yọ kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ 9999 sí lára, tí a óò fẹnu fẹ́ ìdí rẹ̀ fùú, tí a óò sì tún kì í bọ ẹ̀rọ. Àwa la máa ń sáré fọ abọ́ kí NEPA tó mú iná lọ. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wa sì máa ń kọ́kọ́ bèèrè, ìbáà ṣe fíìmù là ń wò, ìbáà ṣe géèmù là ń gbá: “Ta ni ákítọ̀?”

Ákítọ̀ ni ẹni tí ìtàn ń tẹ̀ lé. Ákítọ̀ kì í kú. Bó bá kú, á jí. Òun ló ń kojú bọ́ọ̀sì, ìyẹn olórí ọ̀tá, níparí. Kò sí ọmọ tí kò fẹ́ jẹ́ ákítọ̀ nínú wa, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ṣùgbọ́n àwa ọmọbìnrin, pádì kejì ni wọ́n máa ń gbé fún wa. Mo rántí ọ̀sán Sátidé kan tí mo tẹ bọ́tìnnì títí àtàǹpàkò fi ń ro mí, tí inú mi ń dùn pé èmi ni mò ń fò, èmi ni mò ń yìnbọn, kí n tó fojú tọ wáyà ọwọ́ mi lọ, tí mo rí i pé kò sí nínú ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló yọ ọ́. Kò fi ṣe ìkà. Ó fẹ́ kí n dákẹ́ ni. Mo ti bi ọ̀pọ̀ obìnrin ẹgbẹ́ mi, àwọn tó dàgbà ní Abẹ́òkúta, ní Òṣogbo, ní Mushin: àwọn tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí kò pọ̀.

Ilé géèmù àdúgbò le ju tilé lọ. Ọmọkùnrin lè jókòó síbẹ̀ látàárọ̀ láìní kọ́bọ̀ lápò, kó máa wòran. Bí ọmọbìnrin bá yọjú, ìbéèrè tó máa pàdé lẹ́nu ọ̀nà ni, “Ta lò ń wá?” Bó bá ní òun wá gbá géèmù ni, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Lójú tẹlifíṣọ̀n, ipò wa kò yàtọ̀. Nínú Super Mario Bros. tí Nintendo gbé jáde ní Japan ní 1985, wọ́n ti jí ọmọ ọba obìnrin gbé kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ààfin mẹ́jọ ni Mario máa wọ̀. Nínú méje àkọ́kọ́, wọ́n á sọ fún un pé ẹni tó ń wá wà níbòmíràn. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ọmọ ọba yẹn ní: kó máa dúró. Àwa tí a jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n wa pẹ̀lú pádì tí kò sí nínú ẹ̀rọ, a mọ iṣẹ́ náà dáadáa.

Ìdí nìyẹn tí a kò fi lè gbàgbé Blaze. Ní 1991 ni Sega gbé Streets of Rage jáde, èèyàn mẹ́ta ló sì dúró síbẹ̀ tí o lè mú: Axel, Adam, Blaze. Adam dúdú bíi tiwa. Blaze jẹ́ obìnrin. Agbára ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ kéré díẹ̀ sí tàwọn méjì yòókù, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n fò, ó sì yá lẹ́sẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní ká kọ́kọ́ fi ọkùnrin parí eré kí wọ́n tó ṣí i fún wa. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti wà níbẹ̀, tó ń dúró de ẹni tó bá fẹ́ mú un.

Ohun kan wà tó jẹ́ pé àgbà ni mo tó dà kí n tó kíyè sí i. Bí ọmọ kan bá padà délé láti ilé géèmù tó ń ròyìn, ohun tó máa ń sọ ni: “Ó fò, ó yìnbọn, ó wọ inú ihò, bọ́ọ̀sì yọ sí i, ó pa á!” “Ó” yẹn kò sọ akọ, kò sọ abo. Ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ ọkùnrin, ó lè jẹ́ obìnrin. Bẹ́ẹ̀ ni àbúrò, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá, bẹ́ẹ̀ ni jagunjagun. Àwọn tó fún wa lédè kò ti ilẹ̀kùn mọ́ obìnrin.

Ẹ wo Metroid, tí Nintendo gbé jáde ní 1986. Samus Aran ni ákítọ̀ rẹ̀, ó wọ ìhámọ́ra láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ìbọn sì wà lápá rẹ̀. Ìwé pélébé tó bá géèmù náà wá lédè Gẹ̀ẹ́sì pè é ní ọkùnrin. Ẹni tó bá tètè parí eré ló máa rí i pé obìnrin ló wà nínú irin yẹn látìgbà náà wá. Ká ní Yorùbá ni wọ́n fi kọ ìwé ọ̀hún, wọn kì bá tí nílò irọ́ kankan. “Ó” ì bá ti tó. Ṣùgbọ́n ká má tètè yin ara wa. Èdè wa kò sọ fún wa pé ọkùnrin ni ákítọ̀, síbẹ̀ ọkùnrin ni gbogbo wa máa ń rò, àwa ọmọbìnrin pàápàá. Ohun mìíràn tún wà nínú Metroid tó ń dùn mí: bí o bá ṣe yára parí eré sí ni aṣọ ara Samus ṣe ń dín kù sí. Obìnrin tó fi gbogbo eré jagun, ìhòòhò rẹ̀ ni wọ́n sọ di ẹ̀bùn.

Àwọn géèmù ìjà náà ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ dá a dúró. Nínú Street Fighter II ti 1991, oníjà mẹ́jọ ló wà ní yíyàn, Chun-Li nìkan ni obìnrin. Nínú Mortal Kombat ti 1992, àwọn méje ni, Sonya Blade nìkan ni obìnrin. Tekken 3 dé orí PlayStation ní 1998, ibẹ̀ la ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan. Àwọn ọ̀gá ilé géèmù, àwọn tó ń fi owó sílẹ̀ lórí ìjà, máa ń mú obìnrin, Nina tàbí Xiaoyu, láìtijú, torí pé Xiaoyu á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á kẹ̀yìn sí ọ, ẹ̀ṣẹ́ rẹ á sì fò ó dá. Ẹni tó fẹ́ borí kò rí ti akọ tàbí abo rò. Ìgbà tí ẹnìkan bá fìdí rẹmi ni wọ́n tó ń rántí, tí gbogbo ilé á pariwo lé e lórí: “Obìnrin ló nà ẹ́!”

Lara Croft ti dé ní 1996, nínú Tomb Raider, láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Core Design ní ìlú Derby, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Obìnrin ló gbé gbogbo eré náà léjìká. A fẹ́ràn rẹ̀. A sì mọ̀ pé kì í ṣe àwa ni wọ́n rò nígbà tí wọ́n ń ya àyà rẹ̀ àti ṣòkòtò péńpé rẹ̀. Ó di 2013 kí Tomb Raider tuntun tó fún un ní ara ẹni tó ń sáré, tó ń ṣubú, tí ọgbẹ́ ń dùn. Obìnrin ni Rhianna Pratchett tó ṣáájú àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀.

Láàárín ìgbà náà ni yíyàn dé. Pokémon Crystal, tó jáde ní Japan ní 2000, ni àkọ́kọ́ nínú àwọn Pokémon tó bi ọmọ léèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ní 2007, ilé-iṣẹ́ BioWare ní Canada gbé Mass Effect jáde. Ọ̀gágun Shepard ni ákítọ̀ rẹ̀, ìwọ lo máa sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n máa rán an, ogun kan náà ni yóò jà. Ní 2011, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń gbá a ló ń mú obìnrin. Àwọn kan gbé iye yẹn kiri pé ẹ ò rí i, obìnrin kì í tà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ló wà lára páálí, ọkùnrin ló wà nínú ìpolówó; ta ni yóò yan ohun tí kò mọ̀ pé ó wà? Ní 2012, fún apá kẹta, wọ́n fi àwòrán obìnrin náà sí ẹ̀yìn bébà páálí, kí ẹni tó bá fẹ́ lè yí i síta. Nígbà tí wọ́n tún eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé jáde ní 2021, ìdá 32 ló mú obìnrin.

Lórí fóònù, owó ni wọ́n fi ti ilẹ̀kùn. Gbogbo wa la gbá Temple Run, tó jáde ní 2011. Ọkùnrin ló ń sáré lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà yẹn, bí o bá fẹ́ kí Scarlett Fox sáré fún ọ, o ní láti wá 10,000 owó ẹyọ inú eré náà. Ní 2015, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 12 kan ní Amẹ́ríkà jókòó, ó wo 50 irú eré àsáré bẹ́ẹ̀, ó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé ìròyìn Washington Post. Nínú àwọn tí èèyàn lè dá akọ àti abo mọ̀ nínú wọn, ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ọmọkùnrin, ìdá 46 péré ló ní ọmọbìnrin. Ìdá 90 ló fi ọmọkùnrin sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Fún ọmọbìnrin, ìdá 15. Nígbà tí mo ka ìṣirò ọmọ yẹn, wáyà ọ̀sán Sátidé ni mo rántí. Wọ́n gbé pádì lé e lọ́wọ́, wọn kò kì í bọ ẹ̀rọ.

Àwọn tó ń ṣe géèmù ní àwíjàre. Ní 2014, nígbà tí wọ́n bi àwọn tó ń ṣe Assassin's Creed Unity ìdí tí kò fi sí obìnrin láàárín ẹni mẹ́rin tó jọ ń jà nínú eré náà, wọ́n ní iṣẹ́ yóò di ìlọ́po méjì: ìrìn ọ̀tọ̀, aṣọ ọ̀tọ̀. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ kan náà gbé Assassin's Creed Odyssey jáde, tí o lè fi Kassandra tàbí Alexios rìn já gbogbo ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ní ó wúwo jù, wọ́n gbé e.

Orí bọ́ọ̀lù ló ti kan wa jù, torí bọ́ọ̀lù ni géèmù ilẹ̀ wa. Ní Oṣù Kẹsàn-án 2015, FIFA 16 gbé àwọn obìnrin wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́, orílẹ̀-èdè 12. A wá Super Falcons, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin ilẹ̀ wa, títí. Amẹ́ríkà wà níbẹ̀, Jámánì wà, Brazil wà, China wà. Kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀, ọdún tó ṣáájú ni Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, gba àmì-ẹ̀yẹ ẹni tó dára jù àti ti ẹni tó gbá góòlù jù ní ife àgbáyé U-20 àwọn obìnrin. A óò dúró di 2023. Nígbà tí EA Sports FC 24 dé pẹ̀lú líìgì àwọn obìnrin Spain, mo lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi lọ wò ó. Oshoala rèé nínú ẹ̀wù Barcelona, orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ìgbà kan tún wà tí orúkọ wa ti yọ sí wa láìròtẹ́lẹ̀. Ní 2017, Blizzard fi róbọ́ọ̀tì kan tó ń jẹ́ Orisa kún géèmù Overwatch. Nínú ìtàn rẹ̀, Efi Oladele ló ṣe é, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 11 ní ìlú Numbani. Ọládélé! Ọmọ yẹn kò mú ìbọn, orí rẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́. Wọ́n kọ orúkọ náà láìsí àmì ohùn. Àwa fúnra wa la fi sí i lẹ́nu.

Mi ò sọ pé kí gbogbo ákítọ̀ di obìnrin. Mi ò tilẹ̀ sọ pé yíyàn ló máa ń dára jù. Ìtàn mìíràn wà tó jẹ́ pé ti obìnrin ni láti ìpìlẹ̀, bó ṣe jẹ́ pé ti ọkùnrin ni ọ̀pọ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwa tí wọ́n fún ní pádì òfìfo ti di ẹni tó ń ra ẹ̀rọ báyìí. Ọwọ́ wa ni owó wà. Ilé wa ni géèmù wà. Kò yẹ kí ọmọbìnrin kankan nínú ilé wa tún fojú tọ wáyà lọ.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14, ń ròyìn Horizon Zero Dawn fún mi. Ọ̀rọ̀ ọdẹ ni, ọdẹ tó ń fi ọfà dọdẹ àwọn ẹ̀rọ tó ń rìn bí ẹranko. “Àǹtí, ó gun ọ̀kan tó ga ju òpó NEPA lọ, ó dúró sórí rẹ̀, ó ń wo gbogbo ilẹ̀!” Ó, ó, ó, fún bí ìdajì wákàtí. Mo bi í léèrè, “Ta ni ákítọ̀?” Ó ní Aloy ni. Mo ní ṣé ọkùnrin ni àbí obìnrin? Ó ní, “Obìnrin ni,” ó sì wò mí bí ẹni tí kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, ó padà sídìí ìtàn rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin dé, ó na ọwọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì gbé pádì fún un. Pádì ìsinsìnyí kò ní wáyà mọ́. Mo tẹ orí sílẹ̀ wo iwájú rẹ̀: iná kékeré tó wà níbẹ̀ ń tàn. Nígbà tí mo gbójú sókè, bàbá wọn ń wò mí láti orí àga ìjókòó. Ó ti mọ ohun tí mo ń wò.