Ọdún Kan Lórí Kẹ̀kẹ́ Ológeere: Ohun Tí Òkè àti Iyanrìn Kọ́ Wa

  

Àwa mẹ́rin ni a pa ẹnu pọ̀ kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ilé-kéwú yìí ni a ti jọ ṣe wòlímọ̀ wa. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni mẹ́ta nínú wa, ẹnì kẹrin sì jẹ́ ọmọ Àgọ́-Ìwòyè. Ọ̀kan ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà, ọ̀kan ń ránṣọ, ọ̀kan ń bá bàbá rẹ̀ ta pákó, ọ̀kan sì ń kàwé ní Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2024 ni a kó owó tí a ti ń tù jọ sílẹ̀, tí a ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ mẹ́rin, irú èyí tí wọ́n ń gùn lórí òkè àti nínú igbó: taya rẹ̀ nípọn, ó ní eyín, ó ní gíà, irin iwájú rẹ̀ sì máa ń rọ̀ bí ó bá kọlu òkúta.

Irú kẹ̀kẹ́ yìí kì í ṣe ohun àtijọ́. Ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ni àwọn ọ̀dọ́ ti fi í dárà lórí òkè láàárín ọdún 1970 sí 1979. Ọdún 1990 ni wọ́n ṣe ìdíje àgbáyé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ìlú Durango. Ní ọdún 1996, ó wọ Olímpíìkì ní Atlanta. Nígbà tí ó di ọdún 2012, Adrien Niyonshuti, ọmọ Rùwáńdà tí wọ́n pa àwọn arákùnrin rẹ̀ nínú ìpẹ̀yàrun ọdún 1994, gùn ún ní Olímpíìkì London. Òun náà ni ó gbé àsíá orílẹ̀-èdè rẹ̀. Kò gba àmì-ẹ̀yẹ kankan, ṣùgbọ́n ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé òpin. Ìtàn rẹ̀ ni ó wọ̀ wá lọ́kàn.

Àwọn òbí wa kò kọ́kọ́ fara mọ́ ọn. Bàbá kan nínú ìjọ wa tilẹ̀ bi wá léèrè lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ pé, “Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣé kẹ̀kẹ́ ni ẹ ó gùn wọ àlùjánńà ni?” Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ojú sì tì wá. Ni a bá gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Mùdíìrù wa lọ.

Wọn kò bá wa wí. Ìtàn ni wọ́n sọ fún wa, èyí tí Abdullahi ọmọ Umar gbà wá, tí ó wà nínú ìwé Bukhari. Ànábì ṣètò eré ìje ẹṣin ní Mọ̀dínà. Àwọn ẹṣin tí wọ́n ti múra sílẹ̀ sáré láti Hafyaa dé Thaniyyatul-Wadaa, nǹkan bí máìlì márùn-ún sí mẹ́fà. Àwọn tí wọn kò múra sílẹ̀ sáré láti Thaniyya dé mọ́sálásí Banu Zuraiq, máìlì kan péré. Abdullahi fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí ó gun ẹṣin níjọ́ náà. Mùdíìrù wá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń múra ẹṣin sílẹ̀: wọn a kọ́kọ́ bọ́ ọ títí yóò fi sanra, lẹ́yìn náà wọn a dín oúnjẹ rẹ̀ kù, wọn a sì da aṣọ bò ó kí ó lè làágùn, títí ara rẹ̀ yóò fi le koko.

Wọ́n ní, “Ẹ wò ó dáadáa. Ànábì kò fi ẹṣin tí a kò múra sílẹ̀ sí ọ̀nà jíjìn.” Wọ́n wá fún wa ní àdéhùn mẹ́ta: ìrun kankan kò gbọdọ̀ bọ́ nítorí kẹ̀kẹ́, a kò gbọdọ̀ ta tẹ́tẹ́ lé e, a sì gbọdọ̀ tọ́jú kẹ̀kẹ́ wa bí ẹni ń tọ́jú ẹṣin. A gbà. Méjì àkọ́kọ́ ni a rò pé ó le.

Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà ni a máa ń gbéra, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, láti Ìjẹ̀bú-Igbó gba Orù lọ sí Àgọ́-Ìwòyè, kí a tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní ọjọ́ Sátidé, a máa ń wọ ọ̀nà oko lọ, níbi tí ọkọ̀ agégẹdú ti gbẹ́ ilẹ̀ pupa di kòtò. Òkè kan wà níbẹ̀ tí a fi ẹsẹ̀ gùn nígbà àkọ́kọ́, tí a ń ti kẹ̀kẹ́ lọ bí ẹni ń ti màlúù. Nígbà tí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta, a rò pé a lè máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, òòyì kọ́ ọ̀kan nínú wa lẹ́yìn ìrun Àlàásárì. Láti ìgbà náà, jẹ́jẹ́ ni a ń gùn ún, fún ìwọ̀nba wákàtí kan ṣáájú ìṣínu. Nígbà tí ó fi di oṣù karùn-ún, gbogbo wa ni a gun òkè náà dé orí láìfi ẹsẹ̀ kanlẹ̀. Inú wa dùn ju bí ó ti yẹ lọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn Iléyá ni nǹkan ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́rú, a rí i pé okùn bíréèkì kẹ̀kẹ́ aránṣọ inú wa ti ń tú fọ́nrán-fọ́nrán. Okùn náà kò wọ́n. A ní bí a bá ti dé lọ́jọ́ Sátidé, a ó pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí Sátidé dé, a ṣe àdúà gígun nǹkan ìrìnnà sókè ketekete, a sì gbéra. Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ pupa ń yọ̀. Bí a ti ń sọ̀kalẹ̀ òkè, okùn já. Ó ré sí kòtò, apá rẹ̀ ọ̀tún sì kán.

Ẹ rántí pé aránṣọ ni. Fún oṣù mẹ́ta gbáko ni kò lè jókòó sídìí ẹ̀rọ. Nígbà tí a lọ bẹ ìyá rẹ̀, wọ́n ní, “N kò bínú pé ẹ gun kẹ̀kẹ́. Ẹ rí okùn tí ó fẹ́ já, ẹ sì jẹ́ kí ọmọ mi gùn ún.” Kò sí ẹni tí ó lè gbé ojú sókè nínú wa. Gbogbo wa ni a ti kà á nílé-kéwú yìí, nípa ọkùnrin tí ó bi Ànábì bóyá kí òun fi ràkúnmí òun sílẹ̀ láìso, kí òun sì gbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́hun, tí Ànábì sì ní kí ó so ó ná, kí ó tó gbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́hun. A kà á, a há a sórí, ṣùgbọ́n a kò so ràkúnmí wa. Àwa mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ilé rẹ̀ títí apá náà fi jiná. Ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun Iṣáì, a ń yẹ bíréèkì, ṣéènì, taya àti nọ́ọ̀tì wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní oṣù kejìlá, a gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ kan fẹ́ ṣe eré ìje kẹ̀kẹ́ ní agbègbè Abigi, ní Ògùn Waterside. A di kẹ̀kẹ́ sórí ọkọ̀, aránṣọ wa sì bá wa lọ láti wòran. Nígbà tí a dé ibẹ̀, wọ́n ní kí olúkúlùkù mú owó wá, kí ẹni tí ó bá gba ipò kìíní kó gbogbo rẹ̀. A ní a kò ní ṣe é, nítorí tẹ́tẹ́ ni. Ariyanjiyan pọ̀ díẹ̀, kí wọ́n tó gbà pé kí a sáré láìsanwó, ṣùgbọ́n a kò ní gba nǹkan kan bí a tilẹ̀ ṣe ipò kìíní. Ọkàn wa balẹ̀. Lójú tiwa, ipò kìíní ti di tiwa.

Ilẹ̀ Ògùn Waterside kò dà bí ti Ìjẹ̀bú-Igbó. Òkè kò pọ̀ níbẹ̀, omi àti iyanrìn ni ó pọ̀. Ìyá kan tí ń ta ẹja ti sọ fún aránṣọ wa pé àwọn ọmọ ibẹ̀ máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde díẹ̀ nínú taya kí wọ́n tó wọ iyanrìn. Ó sọ fún wa. A ní kí ni oníẹja mọ̀ nípa kẹ̀kẹ́! Taya wa le bí òkúta. Ìgbà tí a wọ iyanrìn ni a mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà: taya tí ó rọ̀ díẹ̀ a máa tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ní rì, èyí tí ó le koko a máa gé iyanrìn wọlẹ̀ bí ọ̀bẹ. Ọmọkùnrin kan lórí ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ tí kò ní gíà ni ó gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Ẹ̀bá koríko ni ó ń tọ̀, àti ibi tí omi ti mú kí iyanrìn le. Nínú àwa mẹ́rìnlá tí a sáré, a ṣe ipò kẹfà, ìkẹsàn-án àti ìkẹtàlá. Òun ni ó ṣe ipò kìíní.

Aránṣọ wa dúró dè wá pẹ̀lú omi. Kò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn gan-an ni ó dùn wá jù, nítorí ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí òun jìyà tàbí tí òun sọ̀rọ̀ tí àwa kò náání. Lójú ọ̀nà ilé, ó rán wa létí Al-Adbaa, ràkúnmí Ànábì tí kò sí èyí tí ń yà á sílẹ̀, títí Lárúbáwá oko kan fi gun ràkúnmí rẹ̀ dé tí ó yà á. Ó dun àwọn Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n Ànábì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kò sí ohun ayé tí ó ga tí Ọlọ́hun kì í rẹ̀ sílẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìdíje àgbáyé kẹ̀kẹ́ ojú títì wá sí Kigali ní Rùwáńdà, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò wá sí ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà náà, aránṣọ wa ti padà sídìí ẹ̀rọ, ó sì ti padà sórí kẹ̀kẹ́. Òun ni a fi ṣe olórí àyẹ̀wò alẹ́ Jímọ̀: bí kò bá tíì fọwọ́ sí i, kẹ̀kẹ́ kankan kò ní jáde.

Ẹ̀yin àbúrò wa, ì báà ṣe ìdánwò, ì báà ṣe òwò, ì báà ṣe ìrìn-àjò, ẹ múra, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀, kí ẹ tó ṣe àdúà tí ẹ ó fi gbéra. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí á fi ẹnu nìkan ṣe ẹ̀sìn, kí ó sì máa ṣọ́ wa ní àlọ àti àbọ̀. Àmín.