Ògiri Tí Wọ́n Kìlọ̀ Rẹ̀ Fún Mi



Mo ní ilé oníyàrá mẹ́fà kan ní Ìníṣà tí mo fi háyà. Nígbà òjò ọdún 2018, ìyá alákàrà tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn wá bá mi: "Bàbá, ògiri ilé ìdáná ti lanu o." Mo ní, "Mo ti gbọ́." Mo gba owó ilé, mi ò pe bíríkìlà.

Kò pé oṣù méjì, ògiri wó níbi tí ọmọ rẹ̀ ti ń fọ abọ́. Ẹsẹ̀ ọmọ kán. Mo sanwó ìtọ́jú. Ìyá rẹ̀ ò bá mi jà. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta, 2019, ilé alájà kan tí iléèwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fààjì, l'Ékòó. Ó pa nǹkan bí èèyàn 20, ọmọdé wà níbẹ̀. Ìjọba ti sàmì sí i tẹ́lẹ̀ pé wíwó ni, síbẹ̀ èèyàn ṣì wà nínú rẹ̀. Bí mo ṣe gbọ́ ọ lórí rédíò, ẹsẹ̀ ọmọ yẹn ni mo rántí.

Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún àwọn tó wá dífá pé ẹni tí Ifá kìlọ̀ fún, kó yáa rúbọ. Ìkìlọ̀ ni ọ̀rọ̀ ìyá alákàrà. Ẹbọ rẹ̀ ò ju àpò sìmẹ́ńtì méjì lọ. Èmi babaláwo ni mi ò rú u.

Ẹ̀yin onílé, bí ayálégbé bá ti sọ fún yín, "mi ò mọ̀" ti tán nìyẹn. Ọrùn yín ló wà. Ẹ wo ògiri, ìdérí kànga àti wáyà iná kí ẹ tó gbowó.

Ire o.