Ìpàtẹ Ọjà Oníṣòwò Kékeré

Ìpàtẹ ọjà ni ọjọ́ tí oníṣòwò yà sọ́tọ̀ kí àwọn ènìyàn lè wá wo ohun tó ń tà, kí wọ́n fọwọ́ kàn án, kí wọ́n béèrè ohun tó rú wọn lójú, kí wọ́n sì rà. Iléeṣẹ́ ńlá máa ń háyà àwọn tí yóò ṣètò rẹ̀. Ní ti aládìrẹ tó wà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, òun fúnra rẹ̀ ni alákòóso, òun ni alukoro, òun náà ni yóò sì dúró ti ọjà. Owó ọwọ́ rẹ̀ lè má pọ̀, ṣùgbọ́n àìpọ̀ owó kọ́ ló ń ba ìpàtẹ jẹ́. Kí a náwó sórí ohun tí kò lè mú oníbàárà wá ló ń bà á jẹ́.

Kó tó ná kọ́bọ̀, ó yẹ kó mọ ohun tó fẹ́ kí ọjọ́ náà ṣe fún òun. Ó lè fẹ́ ta aṣọ tó wà nílẹ̀ kí ọdún tó dé; ó sì lè fẹ́ kí àwọn aránṣọ mọ òun, kí wọ́n máa wá rajà lọ́pọ̀. Ti àkọ́kọ́ ń fẹ́ èrò. Ti èkejì kò ju kí aránṣọ mélòó kan jókòó, kí wọ́n yẹ aṣọ wò dáadáa. Ẹni tó bá lé méjèèjì pọ̀ lọ́jọ́ kan, ìnáwó rẹ̀ á di ìlọ́po.

Ìṣirò ló kàn. Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́. Ká ní èrè orí aṣọ kan jẹ́ 2,500 náírà, tí owó kánópì, àga, ìwé ìléwọ́, omi àti ọkọ̀ sì jẹ́ 100,000 náírà, aṣọ 40 gbọ́dọ̀ tà kí owó tó jáde tó wọlé padà. Orí aṣọ kọkànlélógójì ni èrè ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá dá a lójú pé aṣọ 40 yóò tà, ìnáwó ni kó dín kù.

Ibi tó ti lè dín in kù wà. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọwọ́ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù, jẹnẹrétọ̀ ti di ẹrù wúwo. Ìpàtẹ tó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ tó sì parí kí ilẹ̀ tó ṣú kò nílò iná, ojúmọmọ ló sì ń fi àwọ̀ aró hàn bó ṣe rí gan-an. Àgbájọ ọwọ́ tún dára: aládìrẹ, oníbàtà àti onílẹ̀kẹ̀ lè jọ gba kánópì kan. Ọjà wọn kò forí gbárí, oníbàárà ẹnì kan á sì di ti gbogbo wọn. Bí ojú títì ni wọn yóò ti pàtẹ, kí wọ́n kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ ìyálọ́jà àti ìjọba ìbílẹ̀.

Ọjọ́ tí a bá mú lè gbeni, ó sì lè pani lára. Òjò máa ń pọ̀ nínú oṣù Kẹfà, oṣù Keje àti oṣù Kẹsàn-án. Ọjọ́ Sátidé ni òde àríyá ń gbà, ìparí oṣù sì ni owó ń wà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ẹni tó ń ta aṣọ fún Iléyá tàbí Kérésìmesì kò gbọ́dọ̀ dúró di ọ̀sẹ̀ ọdún, torí oníbàárà ṣì máa gbé aṣọ lọ sọ́dọ̀ aránṣọ. Oṣù kan ṣáájú ọdún ló bójú mu.

Ìpolówó tó dínwó jù ni ẹnu ẹni tó ti rajà rí. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, kí a pè é lórúkọ, kí a sì bẹ̀ ẹ́ pé kó mú ẹnì kan dání. Lórí WhatsApp, ìkéde tí a fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò fi nọ́ńbà olùránṣẹ́ pamọ́ sórí fóònù rẹ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí oníbàárà bá rajà ni kí a ti ní kó fi nọ́ńbà náà pamọ́. Status kì í ju wákàtí 24 lọ, ó sì yẹ ká máa tún un gbé síbẹ̀. Fídíò kúkúrú tó ń fi hàn bí a ṣe ń tú ìko lára àdìrẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró ń fa ojú ju àwòrán aṣọ tó wà nílẹ̀ lọ. Kí iye owó hàn níbẹ̀, kí a sì júwe ibi ìpàtẹ pẹ̀lú ohun tí ará ìlú mọ̀: mọ́ṣáláṣí, ilé epo tàbí ọjà.

Ní ọjọ́ náà, ènì sàn ju ẹ̀dínwó lọ. Ẹni tó rà ní owó pọ́ọ́kú lónìí kò ní fẹ́ san iye tó tọ́ lọ́la, ṣùgbọ́n ìnujú tí a fi àjákù àdìrẹ rán, tí a fi ṣe ènì, kò yí iye ọjà padà. Kí ọ̀nà ìsanwó ju ẹyọ kan lọ, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè kùnà. Kí ìwé sì wà nílẹ̀ tí a ó kọ orúkọ àti nọ́ńbà àlejò sí, títí kan ẹni tí kò ra nǹkan kan.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó wá, kí a sì fi owó tó wọlé wé èyí tó jáde. Owó la fi ń pèènà owó lóòótọ́, àmọ́ iye èrò tó wá kọ́ ni òṣùwọ̀n ìpàtẹ. Iye àwọn tó padà wá rajà lẹ́yìn rẹ̀ ni.